Ẹlẹ́rìí Ni Fìtílà: Wíwá Ìdí Táímíìnì Tí Kò Dúró Lójú Kan

Ní Ìdúmọ̀tà, níbi tí afárá Carter ti sọ̀ wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, àti ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe káàkiri Erékùṣù Èkó, etí ni ọ̀gá mẹkáníìkì àtijọ́ fi ń mọ ibi tí iná ẹ́ńjìnnì dúró sí. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí kò fà wá bá a, yóò ní kí ọmọṣẹ́ sítáàtì rẹ̀, yóò tú nọ́ọ̀tì ìdí dísítiríbútọ̀, yóò sì máa yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi rọ̀ sí i létí. Nígbà náà ni yóò dé nọ́ọ̀tì náà pa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ti ọwọ́ irú etí bẹ́ẹ̀ jáde tí ó sì rìn dé Ìbàdàn láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọkọ̀ wà tí kò ní dísítiríbútọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yí. Àpótí kékeré kan, tí àwọn ará Èkó ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, ni ó ń pàṣẹ iná. Bí táímíìnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń fò síwájú, tí ó ń fò sẹ́yìn, kí ni ọ̀gá náà yóò yí?

Àríyànjiyàn kò tán lórí ìbéèrè yìí. Àwọn kan sọ pé ayé ti kọjá àwọn oníṣẹ́ àtijọ́, pé ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kí ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sílé. Àwọn mìíràn sọ pé àpótí náà gan-an ni àrùn, pé kí wọ́n fà á tu, kí wọ́n dá kábúrétọ̀ àti kọ́ńtáàtì padà sí àyè wọn. Ìhà kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀ka òtítọ́ kan lọ́wọ́, ó sì jọ pé kò sí èyí tí ó mú gbòǹgbò rẹ̀. Àpótí náà gba iṣẹ́ dísítiríbútọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ fìtílà táímíìnì. Nọ́ńbà tí ó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, àṣẹ tí àpótí pa ni. Kì í ṣe ẹ̀rí pé àṣẹ náà ṣẹ. Ẹni tí ó bá ka àṣẹ sí ẹ̀rí yóò ra ọ̀pọ̀ nǹkan tí ọkọ̀ kò béèrè.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé akẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ó mọ ohun tí táímíìnì jẹ́. Nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, písítínì a máa lọ sókè, a sì máa bọ̀ sísàlẹ̀. Yóò fa afẹ́fẹ́ àti pẹtiróòlù wọlé, yóò fún wọn pọ̀, iná púlọ́ọ̀gì yóò sán, jíjó wọn yóò ti písítínì padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára, lẹ́yìn náà ni yóò ti èéfín jáde. Pẹtiróòlù kì í gbiná lẹ́ẹ̀kan náà jákèjádò sílíńdà. Bí iná ọdàn ni ó ṣe ń jó, láti ẹnu púlọ́ọ̀gì lọ sí ìkangun kejì, èyí sì ń gba àkókò, bí ó tilẹ̀ kéré. Nítorí náà iná gbọ́dọ̀ sán kí písítínì tó dé òkè pátápátá, kí agbára jíjó náà lè bá a gẹ́lẹ́ bí ó ti ń padà bọ̀. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń gún iyán nínú odó kan, ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ ọmọ odó rẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí ti ẹnì kejì ṣì wà nínú odó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí láàrin iná àti písítínì.

Dìgírì ni wọ́n fi ń wọn àkókò yìí, nítorí pé ọ̀pá kíráńkì tí ó ń gbé písítínì ń yí po, àyípo kan sì jẹ́ dìgírì 360. Bí wọ́n bá sọ pé iná ẹ́ńjìnnì kan wà ní dìgírì 10, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná náà sán nígbà tí ó ku dìgírì 10 kí písítínì kìíní dé òkè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára sí i, iná gbọ́dọ̀ ṣíwájú sí i, nítorí pé písítínì ń sáré ju bí pẹtiróòlù ti ń jó lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, dìgírì kan ṣoṣo kò sì gbà ju ìdá kan nínú 18,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ohun tí ó tín-ínrín tó báyìí ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n bá ní táímíìnì ń fò.

Bí iná bá pẹ́ jù, agbára yóò dínkù, ooru yóò sì máa bá èéfín jáde títí yóò fi jó fáálìfù èéfín. Bí ó bá yá jù ni ewu pọ̀ jù lọ. Jíjó náà yóò pàdé písítínì lójú ọ̀nà òkè, ìyókù pẹtiróòlù yóò bú gbàmù, ariwo bí ẹni ń fi òòlù kékeré kan irin yóò sì máa jáde. Ariwo yìí gan-an ni òyìnbó ń pè ní nọ́ọ̀kù. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà: bí ènìyàn bá ní ẹ́ńjìnnì òun ti nọ́ọ̀kù, òkú ẹ́ńjìnnì ni ó ń sọ. Ìyípadà náà kò burú, nítorí pé ẹni tí kò bá fetí sí nọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ yóò rí èkejì. Ariwo náà, bí ó bá pẹ́, a máa lu orí písítínì jó títí ihò yóò fi wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí dísítiríbútọ̀ àtijọ́ ń ṣe kò kéré. Ìdajì eré ọ̀pá kíráńkì ni ó fi ń yí. Kọ́ńtáàtì inú rẹ̀ ń ṣí, ó ń padé, bí ó bá sì ti ṣí ni kọ́ìlì yóò yọ iná. Irin wúwo méjì kéékèèké wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ń ṣí síta bí eré bá ti ń pọ̀, tí ó sì ń ti iná síwájú. Ti àwọn ọkọ̀ kan tún ní ike tí ń fi ìfàmu afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ̀ bí ẹrù ọkọ̀ ti pọ̀ tó. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń pa á: jíjẹ. Ojú kọ́ńtáàtì a máa jó, ìdí ọ̀pá a máa jẹ, a sì máa mì. Nítorí pé ìdajì eré ni ó ń sá, àṣìṣe dìgírì kan nínú dísítiríbútọ̀ di dìgírì méjì lórí ọ̀pá kíráńkì. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, tí W. A. Dawodu jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, kò ní àpótí kankan láti bi léèrè. Ojú, etí àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ní ọdún 1979 ni ilé iṣẹ́ Bosch ti orílẹ̀-èdè Jámánì gbé àpótí Motronic jáde nínú ọkọ̀ BMW 732i, tí àpótí kan ṣoṣo sì ń darí iná àti pẹtiróòlù pọ̀. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tí ń ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú bíréènì bọ́ọ̀sì ti ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n oríṣi kejì wà: àpótí tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó fi sí i, tí olówó ọkọ̀ rà lọ́tọ̀, tí ó sì ní kí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì tí a kò dá a fún. Ní ọdún 2001 ni Bruce Bowling àti Al Grippo ní Amẹ́ríkà gbé MegaSquirt jáde, àpótí tí ẹni tí ó rà á lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lọ́jà àgbáyé báyìí. Wọ́n lè so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì èyíkéyìí, títí kan Volkswagen onígbá tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ní ọ̀nà Badagry bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975.

Ìyàtọ̀ àpótí méjèèjì yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò wá àrùn. Àpótí tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ mọ ilé ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn ohun gbogbo kí wọ́n tó tà á. Èyí tí a rà lọ́tọ̀ kò mọ nǹkan kan. Kò mọ iye sílíńdà, kò mọ ibi tí òkè písítínì wà, kò mọ irú kọ́ìlì tí wọ́n so mọ́ ọn. Ohun tí ẹni tí ó so ó bá sọ fún un ni yóò gbà gbọ́. Bí wọ́n bá purọ́ fún un, yóò fi irọ́ náà ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn.

Ọ̀nà tí ó ń gbà mọ ibi tí písítínì wà nìyí. Wọn yóò de kẹ̀kẹ́ onírin kan mọ́ púlì iwájú ọ̀pá kíráńkì. Kẹ̀kẹ́ náà ní eyín yíká. Oríṣi kan tí ó wọ́pọ̀ ní àyè eyín 36, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dìgírì 10 jìnnà sí èkejì, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹyọ kan kúrò, tí kẹ̀kẹ́ fi ní èjí. Sẹ́ńsọ̀ kan dojú kọ eyín wọ̀nyí, ó sì ń rán àmì sí àpótí bí eyín kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá. Bí èjí bá kọjá, àpótí mọ̀ pé àyípo kan ti pé. Wọn yóò sì sọ fún un pé: láti èjí dé òkè písítínì kìíní, dìgírì báyìí ni. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa ka eyín, tí yóò sì máa ṣírò ìgbà tí iná yóò sán. Bí kò bá gbọ́ eyín kan, tàbí tí ó gbọ́ ohun tí kì í ṣe eyín, ìṣirò náà ti ṣìnà.

Ká fi ojú inú wo Ìjàpá kan tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Àdéníjì Adélé, tí wọ́n ti yọ dísítiríbútọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì so irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá dúró, ó ń gbọ̀n. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró lẹ́nu, ó ń yìnbọn láti ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà ní dìgírì 10 ni iná wà, kò sì yẹsẹ̀. Olówó ọkọ̀ ti ra kọ́ìlì, ó ti ra púlọ́ọ̀gì, ó ti ra sẹ́ńsọ̀ tòkunbọ̀ lọ́nà méjì. Wọ́n ń sọ fún un báyìí pé kí ó ra àpótí mìíràn. Bí ó bá rà á, tí gbígbọ̀n náà kò sì lọ, yóò sọ pé ọ̀lẹ ni mẹkáníìkì, mẹkáníìkì yóò sì sọ pé ayédèrú ni ọjà. Ọmọṣẹ́ tí ó dúró tì wọ́n yóò kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò dára: pé àtúnṣe ni kí ènìyàn máa pààrọ̀ nǹkan títí owó oníbàárà yóò fi tán.

Fìtílà táímíìnì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Fìtílà yìí ní àmú kan tí wọ́n ń fi há wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní. Gbogbo ìgbà tí iná bá gba inú wáyà náà kọjá ni fìtílà yóò kọ mànà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tàn án sí ojú púlì tí ń yí, ojú yóò rí púlì náà bí ẹni pé ó dúró, nítorí pé ibì kan náà ni fìtílà ń bá a nígbà gbogbo. Fún Ìjàpá, ẹnu kékeré kan wà létí púlì tí ó máa ń ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ibi tí ilé ẹ́ńjìnnì ti pàdé. Wọn a fi ẹfun tàbí ọ̀dà funfun kùn ún kí ó lè hàn. Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí olùkọ́ dúró kí ó kìlọ̀: púlì tí ó dà bí ẹni tí ó dúró yìí kò dúró rárá. Ọmọṣẹ́ tí ó bá nawọ́ sí i, tàbí tí apá ẹ̀wù rẹ̀ gùn tí ó sì sún mọ́ bẹ́líìtì, yóò rí i pé ojú ti tan òun jẹ.

Kí wọ́n tó gba àmì púlì gbọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òótọ́ ni àmì náà ń sọ. Púlì Ìjàpá jẹ́ irin kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn jẹ́ òrùka irin tí wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Bí rọ́bà náà bá gbó, òrùka yóò yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, àmì yóò sì bá a lọ. Bí wọ́n bá yí púlì padà sí tòkunbọ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì mìíràn, àmì lè má bá a mu. Ọ̀nà tí ó dájú ni kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì kìíní, kí wọ́n ki irin ìdènà tí kò lè já bọ́ sínú ihò rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ títí písítínì yóò fi fara kàn án, kí wọ́n fa ìlà sí púlì. Kí wọ́n tún yí i sí òdìkejì títí yóò fi fara kàn án, kí wọ́n fa ìlà kejì. Àárín ìlà méjèèjì gan-an ni òkè písítínì. Iṣẹ́ yìí kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, ó sì sàn ju kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta bá àmì èké jiyàn lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbésẹ̀ tí ó borí gbogbo rẹ̀. Nínú ètò àpótí, ibì kan wà tí wọ́n ti lè pàṣẹ pé kí iná dúró sí dìgírì kan ṣoṣo, bí eré ẹ́ńjìnnì ìbáà pọ̀, ìbáà kéré. Kí wọ́n fi í sí 10. Nígbà náà ni àṣẹ kò ní yí padà mọ́. Ohunkóhun tí ó bá ṣì ń yí níwájú fìtílà, ibòmíràn ni ó ti wá. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, tí ó ń wo fìtílà nígbà tí àpótí ń ti iná síwásẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, kò ní lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ìgbọràn àti àìsàn.

Ohun tí fìtílà bá fi hàn yóò tọ́ka ọ̀nà. Bí àmì bá dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n tí ó dúró ní 16 dípò 10, àpótí kò ṣàìsàn, sẹ́ńsọ̀ náà kò ṣàìsàn. Dìgírì tí wọ́n sọ fún un pé ó wà láàrin èjí àti òkè písítínì ni kò tọ́. Kí wọ́n tún un sọ títí fìtílà àti kọ̀ǹpútà yóò fi fẹnu kò. Ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún fìtílà tí ó ní bọ́tìnì tí ń ka dìgírì fúnra rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí kọ́ìlì kan ń fún púlọ́ọ̀gì méjì níná lẹ́ẹ̀kan náà a máa sán ní gbogbo àyípo, dípò ẹ̀ẹ̀kan ní àyípo méjì, irú fìtílà bẹ́ẹ̀ sì lè pe 10 ní 20. Fìtílà tí kò ní bọ́tìnì, pẹ̀lú púlì tí wọ́n kọ dìgírì sí lára, kì í ní ìdààmú yìí.

Bí àmì bá dúró dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọra ń yí, ṣùgbọ́n tí ó ń yọ́ lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo bí eré ti ń pọ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì, tí ó jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wáyà wé, ń fúnra rẹ̀ pèsè iná díẹ̀ bí eyín ti ń kọjá. Iná náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sísàlẹ̀, ibi tí ó ti ré òdo kọjá ni àpótí ń kà. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú ìgbì yìí dúró ṣánṣán, ẹ̀gbẹ́ kejì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá so wáyà méjèèjì sódì, ẹ̀gbẹ́ tí ó dà ni àpótí yóò máa kà, àkókò rẹ̀ yóò sì máa yí pẹ̀lú eré. Èjí pàápàá lè sọnù sí i lójú. Kí wọ́n pààrọ̀ wáyà méjèèjì fún ara wọn, kí wọ́n tún dìgírì ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀n, kí wọ́n sì tún wò ó. Àtúnṣe tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nìyẹn, òun ni a sì ń rí kí ènìyàn ti ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta kí ó tó ronú kàn án.

Èyí tí ó le jù ni kí àmì má dúró rárá, kí ó máa jó bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi fìtílà fúnra rẹ̀ léèrè, nítorí pé ẹlẹ́rìí pàápàá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Bí wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní bá fara kan ti púlọ́ọ̀gì mìíràn, iná wáyà kejì lè mú kí fìtílà kọ mànà lásán. Kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí jíjó náà kò bá dáwọ́ dúró, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi ọwọ́ yí púlì po, kí wọ́n sì máa wo àlàfo tí ó wà láàrin ojú sẹ́ńsọ̀ àti eyín. Fún sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì, àlàfo náà sábà máa ń wà láàrin ìdajì mílímítà sí mílímítà kan. Bí ó bá fẹ̀ níhìn-ín tí ó há lọ́hùn-ún, kẹ̀kẹ́ náà kò dúró déédéé lórí púlì. Kí wọ́n di irin tí ó gbé sẹ́ńsọ̀ mú, kí wọ́n mì í. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé lára páànù, tí wọ́n fi bóòtù kan ṣoṣo dè, yóò dúró bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, yóò sì máa gbọ̀n bí eré bá pọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí ó ń gbọ̀n kò yàtọ̀ sí ojú tí ó ń ṣẹ́. Bí eyín tilẹ̀ ń kọjá létòlétò, kò ní rí wọn létòlétò.

Bí irin kò bá ní ẹ̀bi, ó di ọwọ́ réwáyà, níbẹ̀ ni ọ̀ràn Èkó sì ti yàtọ̀ sí ti ìlú tí òtútù ti ń mú. Atẹ́gùn tí ń ti òkun àti ọ̀sà fẹ́ wọ Ìsàlẹ̀ Èkó ní iyọ̀ nínú. Ojú wáyà bàbà tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀, tí wọ́n fi téèpù wé, kò ní pẹ́ kí ó tó di aláwọ̀ ewé. Ìkún omi òjò a máa gun ojú títì wọ abẹ́ ọkọ̀, ooru ẹ́ńjìnnì tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ a sì máa yan ike wáyà gbẹ. Ibi tí ìpalára yìí ti ń kọ́kọ́ fara hàn ni áàtì, wáyà tí ń dá iná padà sí bátìrì. Àpótí ń fi áàtì wọn ohun gbogbo bí ẹni tí ń fi ojú ilẹ̀ wọn gíga ilé. Bí wọ́n bá so áàtì àpótí mọ́ ibì kan náà pẹ̀lú ti kọ́ìlì, gbogbo ìgbà tí kọ́ìlì bá gba iná ni ojú ilẹ̀ yóò mì, àpótí yóò sì rò pé eyín ni ó kọjá. Kí wọ́n fọ ojú irin títí yóò fi dán, kí wọ́n so áàtì àpótí mọ́ ibi tí ó lágbára lọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi fòtímítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí ó dákẹ́ nìkan.

Wáyà sẹ́ńsọ̀ kò gbọdọ̀ bá wáyà púlọ́ọ̀gì rìn. Iná púlọ́ọ̀gì ní agbára ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, ariwo rẹ̀ sì ń wọ inú ohun tí ó bá sún mọ́ ọn. Wáyà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ni kí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí okùn, kí wọ́n fi àwọ̀n irin bò wọ́n, kí wọ́n sì so àwọ̀n náà mọ́ áàtì ní ìkangun kan ṣoṣo. Púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ó ní ìdíwọ́ ariwo nínú, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi NGK ń fi lẹ́tà R hàn nínú orúkọ rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tí kò ní R, tí kò ṣe kọ́ńtáàtì àtijọ́ ní nǹkan kan, lè da orí àpótí rú. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé àpótí kò lè gbé ilẹ̀ wa. Ariwo tí wọ́n gbé sí i létí ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ràn.

Ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn láti ya ti irin sọ́tọ̀ kúrò lára ti iná. Ọ̀pọ̀ ètò àpótí lè ya àwòrán eyín bí wọ́n ti ń wọlé. Bí àwòrán náà bá fi eyín kan hàn tí ó kúrú tàbí tí ó gùn ju àwọn yòókù lọ, tí ó sì jẹ́ eyín kan náà ní gbogbo àyípo, kẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n wò. Bí àṣìṣe bá ń bọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìnílànà, ariwo iná tàbí wáyà ni. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà tí kọ́ìlì bá ń sán gan-an ni ó ń dé, áàtì tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì ni. Níhìn-ín ni kọ̀ǹpútà ti wúlò jù lọ, nítorí pé ohun tí ó gbọ́ ni ó ń sọ, kì í ṣe ohun tí ó pa láṣẹ.

Ó kù kí àmì dúró gbọn-in nígbà tí wọ́n ti iná mọ́ 10, ṣùgbọ́n kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ kíráńkì mọ́. Àpótí ni ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ó ní àtẹ kan nínú, tí eré ẹ́ńjìnnì wà ní ìhà kan, tí ẹrù rẹ̀ wà ní ìhà kejì. Ìfàmu afẹ́fẹ́ ni ó sábà máa ń fi mọ ẹrù. Bí wọ́n bá ti gba ọ̀pá ìfàmu náà láti ibi tí sílíńdà kan ṣoṣo ti ń mí, ìfàmu yóò máa lọ sókè sódò, àpótí yóò sì máa fò láti ojú kan dé òmíràn lórí àtẹ. Bí àwọn ojú tí ó wà nítòsí ara wọn bá jìnnà ní dìgírì, ẹ́ńjìnnì yóò gbọ̀n. Kí wọ́n gba ìfàmu láti gbogbo sílíńdà pọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí dìgírì àgbègbè ìdúró ẹ́ńjìnnì súnmọ́ ara wọn. Àwọn àpótí kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ti iná síwásẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì má baà kú nígbà tí ó dúró. Iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe àrùn.

Nínú gbogbo èyí, nǹkan kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì padà wo fìtílà. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ wáyà, tí ó sún sẹ́ńsọ̀, tí ó tún áàtì so ní ìrọ̀lẹ́ kan náà lè rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò ní mọ oògùn tí ó ṣiṣẹ́, ọmọṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n. Fún olùkọ́ tí ó fẹ́ fi èyí hàn ní kíláàsì, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan, fìtílà kan àti kẹ̀kẹ́ eléyín kan ti tó. Kí ó mọ̀ọ́mọ̀ so wáyà sẹ́ńsọ̀ sódì, kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ìdí rẹ̀ láìra ohunkóhun.

Ní ti Ìjàpá ojú ọ̀nà Àdéníjì Adélé yẹn, bí wọ́n bá ti 10 mọ́ ọn, tí fìtílà sì fi àmì tí ń jó hàn, tí wọ́n bá a títí dé ìdí áàtì tí wọ́n dè mọ́ bóòtù kọ́ìlì, kí wọ́n má tíì ṣe ìdérí ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n tú iná sílẹ̀, kí wọ́n wà á gun afárá Carter lọ, kí wọ́n sì gba inú gó-síló padà bọ̀, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa. Wáyà tí ó ti sán nínú ike a máa fara pọ̀ nígbà tútù, a sì máa ya nígbà gbígbóná. Bí wọ́n bá padà dé, kí wọ́n tún iná tì mọ́ 10, kí wọ́n sì tún tan fìtílà sí púlì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.